Ẹ Wo Ọwọ́ Wọn Kí Ẹ Tó Sọ Pé Ayé Ló Ń Ṣe Wọ́n



Ó ti pẹ́ tí a ti fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìtìjú ò jẹ́ kí a kọ ọ́, torí pé àwa fúnra wa jẹ̀bi nínú rẹ̀. Arábìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ Àsàlátù wa tó ń ta ẹja inú yìnyín. Ojoojúmọ́ ló ń ki ọwọ́ bọ páálí ẹja tó ti dì gbagidi. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ fún wa pé orí ìka òun máa ń kú, pé ó máa ń funfun, kó tún dúdú bí ẹni rẹ ẹ́ sínú aró, kó wá máa ta òun bí iná nígbà tí ara bá ń móoru padà, ẹ̀rín la rín. A ní, “Ìyá Ẹlẹ́ja, kí lẹ rò pé yìnyín máa ṣe fún yín tẹ́lẹ̀?” Òun náà bá wa rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí gbogbo ìka náà fi wú. Òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ kò bọ́ mọ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe góòlù ló ti lọ gé e. Lẹ́yìn èyí ni wíwú náà lọ, tí awọ ọwọ́ wá le, tó ń dán, tó fà mọ́ egungun, débi pé kò lè ká ìka mú tẹ̀súbáà mọ́. Ẹnu rẹ̀ kéré sí i. Ó di kó máa fi omi ti àmàlà sọ̀kalẹ̀. Àwọn tó-tò-tó funfun yọ sí i ní ọrùn àti àyà. Nígbà yẹn ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀tẹ̀ ni, wọ́n sì rọra ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ìlà ìrun. Àwọn kan ní ẹni tí wọ́n jọ ń ta ẹja lọ́jà ló fi àfọwọ́fà ṣe é. Wọ́n fi hàǹtú fún un mu, wọ́n ṣe rúkíyà fún un, wọ́n fún un lágbo. Nílé ìwòsàn tó kọ́kọ́ lọ, ikọ́ fée ni wọ́n fún un lóògùn rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà torí pé ó ń húkọ́, bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kò fi nǹkan kan hàn. Níbòmíràn, wọ́n ní làkúrègbé ni.

Ọdún kẹta ni dókítà ọ̀dọ́ kan sọ fún un pé, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọwọ́ yín jáde lábẹ́ híjáàbù yẹn kí n rí i.” Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi mọ ohun tó ń ṣe é. Ó kọ àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀fóró fún un. Kò lówó rẹ̀, kò sì sọ fún wa. Ó kú kí Rámádáànì tó wọlé. Owó tí a dá fún fìdáù rẹ̀ ju iye tí àyẹ̀wò yẹn ì bá ná an lọ. Akápò wa ló ṣírò rẹ̀ fún wa, gbogbo ilé sì dákẹ́.

Àìsàn tó ṣe é ni àwọn dókítà ń pè ní systemic sclerosis. Orúkọ rẹ̀ kejì, scleroderma, kò ju “awọ líle” lọ ní èdè Gíríìkì. Ara wa ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tí Ọlọ́hun fi sínú ẹ̀jẹ̀ láti máa bá kòkòrò àrùn jà. Nínú àìsàn yìí, àwọn ẹ̀ṣọ́ náà yí padà sí ẹni tó ni ara. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín á máa fún pọ̀, ara á sì máa ṣe àpá níbi tí kò sí egbò, lórí awọ, nínú ọ̀nà ọ̀fun, nínú ẹ̀dọ̀fóró, nígbà mìíràn nínú ọkàn pàápàá. Kì í ràn. Ẹ lè bá ẹni tó ní i jẹun nínú àwo kan, ẹ lè bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ẹ lè fi èjìká kan èjìká rẹ̀ lórí ìrun. Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀: ojú ibi tí ẹ̀tẹ̀ bá wà kì í sábà mọ ìrora mọ́, ṣùgbọ́n ìka ẹni tó ní scleroderma máa ń dùn ún gan-an ni. Kì í sì ṣe pé ó ń bóra. Àwọn tó-tò-tó funfun yẹn máa ń rí wínníwínní bí ìyẹ́ ẹtù, torí pé àwọ̀ dúdú máa ń ṣẹ́kù yí ìdí irun ara ká.

Àìsàn tí kò wọ́pọ̀ ni, a ò ní fi dẹ́rù bà yín. Àwọn obìnrin ló ń ṣe jù; bí ọkùnrin kan bá ní i, ó kéré tán obìnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní i. Láàárín ọgbọ̀n ọdún sí àádọ́ta ọdún ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn nígbà tí ìyá ṣì ń tọ́mọ lọ́wọ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà sì fi hàn pé ó máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú, ó máa ń gba ibi tó pọ̀ lára wa, ó sì máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró wa jẹ́ ju ti àwọn òyìnbó lọ. Ẹni tó bá sì sọ fún yín pé àìsàn òyìnbó ni, ẹ sọ fún un pé ní ọdún 2009, Adelowo àti Oguntona, àwọn dókítà wa nílẹ̀ yìí, kọ ìwé ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ní i. Ó wà láàárín wa. Àwa ni a ò wo ọwọ́.

Ohun tí a fẹ́ sọ gan-an nìyí. Ọwọ́ ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú àìsàn yìí. Ó lè máa sọ ọ́ fún oṣù púpọ̀, àní fún ọdún púpọ̀, kí ẹ̀dọ̀fóró tó bà jẹ́. Nígbà tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù jọ fẹnu kò ní ọdún 2013 lórí bí wọn yóò ṣe máa ka àmì àìsàn yìí fún ìwádìí, máàkì mẹ́sàn-án ni wọ́n ní ẹni tó ní i gbọ́dọ̀ ní. Bí awọ ìka ọwọ́ méjèèjì bá ti le kọjá oríkèé ìdí ìka lọ sẹ́yìn ọwọ́, èyí nìkan ti tó máàkì mẹ́sàn-án. Kò tíì sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀ o. Ojú àti ọwọ́ dókítà ni.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ìka rẹ̀ ń kú nínú òtútù ló ní in. Maurice Raynaud, dókítà ará Faransé, ló ṣàlàyé ìka tó ń yí àwọ̀ yìí ní ọdún 1862, a sì fi orúkọ rẹ̀ pè é títí di òní. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní i láti ìgbà èwe tí kò sì bá wọn wá sí ibì kankan. Èyí tó yẹ kó mú wa sáré ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí èèyàn ti dàgbà, pàápàá tí ìka bá tún ń wú pẹ̀lú rẹ̀, tàbí tí egbò kéékèèké bá ń yọ lórí ìka, tàbí tí àyà bá ń ta èèyàn, tí oúnjẹ sì ń há a lọ́fun. Ní àwọn ìlú òtútù, ó lé ní 90 nínú 100 àwọn tó ní scleroderma tí ìka wọn ń yí àwọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa tí oòrùn ń mú, tí awọ wa sì dúdú, ó rọrùn kó kọjá láìfura. Nítorí náà, ẹ má wo ẹ̀yìn ọwọ́ nìkan. Ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, ẹ wo orí ìka àti abẹ́ èékánná. Ibẹ̀ ni funfun yẹn ti máa ń hàn lára wa.

Ẹ̀yin obìnrin wa, ọ̀rọ̀ lálì wà níbí. Lálì dára, a ò sọ pé kí ẹ má lé e. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà nítorí ìka yín, ẹ má lé lálì sí èékánná títí ẹ ó fi dé ibẹ̀, torí pé ìdí èékánná ni wọ́n máa ń fi gíláàsì wò láti rí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ọkùnrin wo ara yín, ẹ béèrè dókítà obìnrin tàbí nọ́ọ̀sì obìnrin. Ẹ̀tọ́ yín ni. Èyí tí a ò fẹ́ ni kí ẹ fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ aṣọ títí wọn yóò fi kọ oògùn làkúrègbé fún yín, kí ẹ sì gbà á lọ sílé.

Kí ni dókítà yóò ṣe? Yóò ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní ANA, láti mọ̀ bóyá àwọn ẹ̀ṣọ́ ara ti ń bá ara jà. Bí ó bá rí i bẹ́ẹ̀, rheumatologist, ìyẹn dókítà oríkèé-ara, ló yẹ kó gba ọ̀rọ̀ náà. Wọn kò pọ̀ nílẹ̀ wa, àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba, irú àwọn tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà, ni ẹ ti máa ń rí wọn. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà yín, kí ẹ sì lọ. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí òtútù ń bá fínra ju wa lọ, kò yẹ kó nira fún yín tó bẹ́ẹ̀: ilé ìwòsàn Royal Free níbẹ̀ ní ẹ̀ka tó dá dúró fún àìsàn yìí, dókítà àdúgbò yín ló máa kọ̀wé ráńṣẹ́.

Ibi tí a ti ń kùnà lẹ́yìn tí a bá ti mọ àìsàn náà tán ni pé awọ nìkan la máa ń bójú tó. Awọ kì í sábà pa èèyàn. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń pa wọ́n jù, yálà kí ẹ̀dọ̀fóró le bí kànìnkànìn gbígbẹ, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ máa ru nínú òpó tó ti ọkàn lọ síbẹ̀. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé ẹ̀dọ̀fóró lè ti bà jẹ́ díẹ̀ kí èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle lórí àtẹ̀gùn. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ọjọ́ tí wọ́n bá sọ fún èèyàn pé scleroderma ni, kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kí wọ́n wọn ín, kó ya àwòrán àyà tí wọ́n ń pè ní CT, kí wọ́n sì wo ọkàn rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ echo. Kó máa padà lọ ṣe wọ́n bí dókítà bá ṣe sọ, lọ́dọọdún ó kéré tán, bí kò tilẹ̀ húkọ́. Oògùn wà tó lè dá bíbàjẹ́ náà dúró tàbí kó mú kó falẹ̀. Mycophenolate wà, nintedanib náà dé ní ọdún 2019, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó èkejì yìí kì í ṣe owó mẹ̀kúnnù. Kò sí èyí tó lè sọ àpá tó ti wà nílẹ̀ di ara tútù padà. Títètè dé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin tó bá sì ń lo mycophenolate gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó lóyún, torí pé oògùn náà lè ba ọmọ inú jẹ́.

Kíndìnrín ni ìkejì. Àwọn kan nínú wọn, pàápàá láàárín ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ wọn lè ru lójijì, kí kíndìnrín sì dákẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Orí fífọ́ tó le, ojú tó ń ṣú, ìtọ̀ tó dín kù, èémí tó ń há, ìwọ̀nyí ni àmì rẹ̀. Ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1990: nínú àwọn tí èyí ṣẹlẹ̀ sí tí wọn kò rí oògùn ìran captopril lò, 15 péré nínú 100 ló rí ọdún kan já. Nínú àwọn tó rí i lò, 76 nínú 100 ni. Ìran oògùn yìí kan náà, captopril àti lisinopril, wà ní ilé ìtajà oògùn lọ́dọ̀ wa, àwọn bàbá wa tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ń lò ó. Kò wọ́n. Kì í ṣe oògùn tí èèyàn yóò máa gbé mì sílẹ̀ de àìsàn o, dókítà ló máa sọ ìgbà tó yẹ. Ohun tó kan ilé ni kí ẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ẹ sì máa wọn ín lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tó jẹ́ pé 110 ni tirẹ̀ máa ń jẹ́ lókè, tó wá di 150 lọ́sẹ̀ yìí, kó má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá fún un. Ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà.

Prednisolone ńkọ́? A mọ̀ pé wọ́n ń tà á kiri fún ara ríro, pé àwọn mìíràn sì ń fi í jẹun kí wọ́n lè sanra. Fún ẹni tó ní àìsàn yìí, èyí tó bá kọjá miligíráàmù 15 lójúmọ́ lè fa wàhálà kíndìnrín tí a sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má rà á fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá sì ti ń lò ó tipẹ́, kó má já a lójijì, kó lọ bá dókítà kí wọ́n bá a dín in kù.

Ọ̀rọ̀ àlùwàlá ló kù tó ń dun ọ̀pọ̀ nínú wọn. Arábìnrin wa yẹn máa ń fi omi tútù ṣe àlùwàlá Àsùbáà nínú ọyẹ́, ìka rẹ̀ á funfun, yóò máa sunkún, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni torí ó rò pé ìgbàgbọ́ òun ni yóò dà bí èyí tó kéré. Ta ló kọ́ ọ ní èyí? Ẹ bá a gbé omi kaná. Kó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣe é, kó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, kó wọ ìbọ̀sẹ̀ àti ìbọ̀wọ́, kó sì fi aṣọ bo gbogbo ara, torí pé bí àyà bá tutù, ìka náà á kú. Bí egbò bá wà lórí ìka tí omi sì ń pa á lára, Ọlọ́hun ti fi táyámọ́mù sílẹ̀ fún aláìsàn nínú Àlùkùránì, nínú Súrà Màídà. Amr ọmọ Al-Aas, sàábé Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ṣe táyámọ́mù dípò ìwẹ̀ jánábà lóru ọjọ́ òtútù líle nígbà tó ń darí ogun, torí ó bẹ̀rù pé òtútù lè pa òun. Nígbà tí wọ́n sọ fún Ànábì, ó rẹ́rìn-ín, kò sì bá a wí. Ẹ tún rántí ọkùnrin tí wọ́n fọ́ lórí, tí àwọn tó bá a rìn ní kò sí ọ̀nà àbáyọ fún un àfi kó wẹ̀. Ó wẹ̀, ó sì kú. Ànábì bínú sí wọn gidigidi, ó ka ikú náà sí wọn lọ́rùn. Ẹ̀yin àáfà wa, ẹ dákun, ẹ máa sọ hàdíìsì yìí lórí mínbárì nígbà ọyẹ́.

Ààwẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Kó bá dókítà sọ̀rọ̀ kí Rámádáànì tó dé, pàápàá bí kíndìnrín bá ti ní ọgbẹ́, torí pé òùngbẹ gígùn kò dára fún un. Ẹni tí wọ́n bá ní kó gbààwẹ̀, kó má jẹ sààrì tán kó wá sùn lọ gbọrangandan. Àyà tó ń ta wọ́n yẹn, oúnjẹ ló ń gòkè padà. Kó jókòó díẹ̀, kó sì gbé ìhà orí bẹ́ẹ̀dì sókè. Bí ẹnu bá ti kéré jù fún pákò, búrọ́ọ̀ṣì ọmọdé yóò wọlé.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé rúkíyà ńkọ́. A ò bá rúkíyà jà. Ẹni tó ń ka Àlùkùránì sí aláìsàn ń ṣe ohun rere. Ohun tí a ń bá jà ni àáfà tó bá sọ pé kí wọ́n má lọ sílé ìwòsàn títí iṣẹ́ òun yóò fi jẹ́, àti ẹni tó bá dárúkọ aládùúgbò pé òun ló fọwọ́ fà á. Èkejì yẹn ti tú ìyá àti ọmọ ká lójú wa.

Ẹgbẹ́ wa máa ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà fún jàmáà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbá wa ni pé kí nọ́ọ̀sì tó bá ń wọn ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni béèrè pé, “Ṣé ìka yín máa ń yí àwọ̀ nínú òtútù?” kó sì yí ọwọ́ náà sókè wò ó. Kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ. Èyí kan àwọn ọkùnrin wa tó ń fọ́ òkúta náà, torí pé eruku òkúta wà lára ohun tó lè fa àìsàn yìí. Àbá kejì ni kí akápò ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó sàráà oṣooṣù fún àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí dókítà bá kọ ọ́ fún, kí wọ́n san án fún ilé ìwòsàn tààrà, láìdárúkọ ẹni náà ní gbangba. Ìgbìmọ̀ ti gba àkọ́kọ́. Wọ́n ní àwọn ṣì ń wo èkejì.

Ọjọ́ Àìkú kẹta oṣù tó ń bọ̀ ni a ó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn Àsàlátù. Nọ́ọ̀sì obìnrin méjì yóò jókòó lẹ́yìn aṣọ ìkélé fún àwọn ìyá, ọkùnrin kan yóò wà níwájú fún àwọn bàbá. Ẹ má lé lálì sí èékánná wá. Ẹni tó bá ní ìwé àyẹ̀wò àtijọ́ nílé, kó mú un dání.